Máàkì Èènì: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Àgbà Ikọ̀ Peterborough

Ẹni tí ó bá ti ra gàrì rí lọ́jà mọ ohun tí à ń pè ní èènì. Ìyá onígàrì yóò wọn kóńgò tán, yóò dà á sínú àpò oníbàárà, lẹ́yìn náà ni yóò tún fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Díẹ̀ yẹn kò sí nínú owó tí a san. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí kò bá bù ú, oníbàárà yóò mọ̀ ọ́n lára, ó sì lè má padà síbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ èènì yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ lónìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ọjà ni mo ti rí i he. Inú eré-ìje alùpùpù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Speedway ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe eré náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò rí i rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Pápá rẹ̀ rí bìrìkìtì bí ẹyin, òkúta tí a lọ̀ wẹ́wẹ́ ni a sì fi tẹ́ ojú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ni yóò tò sí ẹ̀yìn okùn ìbẹ̀rẹ̀, méjì láti inú ikọ̀ onílé, méjì láti inú ikọ̀ àlejò. Akoto pupa àti búlúù ni ti onílé. Funfun àti yẹ́lò ni ti àlejò. Bí okùn bá ti fò sókè, wọn yóò yí pápá ká ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Alùpùpù wọn kò ní bíréèkì rárá. Jíà kan ṣoṣo ni ó ní. Bí wọ́n bá dé ibi tí pápá ti yí, wọn yóò jẹ́ kí ìdí alùpùpù yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, wọn yóò sì na ẹsẹ̀ òsì, tí wọ́n fi irin bọ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó máa wọ́ nílẹ̀ bí wọ́n ti ń yí. Eré ewu ni. Àwọn kan ti fi apá tàbí ẹsẹ̀ ṣe, àwọn mìíràn ti bá a lọ pátápátá. N kò kọ èyí kí ọmọ kan lè gun ọ̀kadà bàbá rẹ̀ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé lọ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Láti ọdún 1929 ni àwọn ikọ̀ ti ń figa gbága nínú líìgì eré yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn méje ni ó ń wà nínú ikọ̀ kan. Ìje 15 ni wọ́n ń sá ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá ṣe ipò kìíní nínú ìje gba àmì 3, ẹnìkejì gba 2, ẹnìkẹta gba 1, ẹni tí ó kẹ́yìn gba òfo. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò, ẹ ti rí i pé àmì 6 ni ó wà nínú ìje kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ alẹ́ ọjọ́ kan sì jẹ́ 90. Ikọ̀ tí ó bá ti ní 46 ti borí.

Àsìkò eré ti ọdún 2021 ni mo fẹ́ mú wá síwájú yín. Ní ọdún 2020, àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà kò jẹ́ kí líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wáyé rárá. Nígbà tí wọ́n padà, ikọ̀ mẹ́fà péré ni ó wà nínú Premiership tí í ṣe líìgì tí ó ga jù: Belle Vue ti ìlú Manchester, Ipswich, King's Lynn, Sheffield, Wolverhampton, àti Peterborough. Bí Peterborough ti kéde orúkọ àwọn méje tí wọ́n fẹ́ lò, ẹ̀rín sọ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bjarne Pedersen ará Dẹ́ńmáàkì àti Scott Nicholls ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1978 ni a bí àwọn méjèèjì. Hans Andersen, ará Dẹ́ńmáàkì pẹ̀lú, ti wà nínú ikọ̀ Peterborough tí ó gba ife-ẹ̀yẹ líìgì ní ọdún 2006, ọdún 15 gbáko sẹ́yìn. Chris Harris ti borí nínú ìdíje Grand Prix ní Cardiff ní ọdún 2007, nígbà tí àwọn kan nínú àwọn tí yóò bá figa gbága ní 2021 ṣì ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ulrich Østergaard náà kì í ṣe ọmọ kékeré mọ́. Michael Palm Toft ni a lè sọ pé ó wà láàárín. Jordan Palin nìkan ni ọ̀dọ́ pọ́ńbélé, kò tíì pé ogún ọdún.

Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n pè wọ́n ní ọmọ ogun àwọn bàbá. Eré tí kò ní bíréèkì, wọ́n ní ti ọ̀dọ́ ni. Àgbà a máa rántí egungun tí ó ti kán; ọ̀dọ́ kò ní nǹkan tí yóò rántí. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn bàbá wọ̀nyí ni wọ́n pàdé Belle Vue nínú àṣekágbá. Belle Vue ní àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbóná janjan, bí i Dan Bewley àti Brady Kurtz. Kurtz yìí kan náà ni ó padà ṣe ipò kejì ní gbogbo àgbáyé ní ọdún 2025, tí ó fi àmì kan péré gbẹ̀yìn Bartosz Zmarzlik ọmọ Pólándì. Peterborough ni wọ́n gba ife náà.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ju pé àgbà dára lọ. N kò rò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ orí nìkan ni, gbogbo ikọ̀ ì bá ti lọ wá arúgbó. Belle Vue pàápàá padà wá gba ife náà ní ọdún 2022, ti àkọ́kọ́ wọn láti 1993. Ohun tí ó dá mi dúró nínú ọ̀rọ̀ yìí ni òfin kan tí ó wà nínú eré náà, tí ó sì jẹ́ pé ó dà bí ẹni pé ojú àwọn àgbà ni a wò kí a tó ṣe é. Òfin èènì ni mo máa ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àwọn méjì láti inú ikọ̀ kan ṣe ipò kìíní àti ipò kejì. Ẹnìkejì gba àmì 2 bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, wọn yóò fi 1 kún un. Èènì ni. Tàbí kí ọ̀tá ṣe ipò kìíní, kí àwọn méjèèjì tiwa tẹ̀lé e ní ipò kejì àti ìkẹta: ẹni tí ó ṣe ìkẹta gba 1, wọn yóò sì tún bu èènì 1 lé e. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé rẹ̀. Kò sí ìdí tí yóò fi bá a jà. Bí ó bá fẹ́ kọjá rẹ̀ tipátipá, àwọn méjèèjì lè ṣubú, kí ọ̀tá sì gba àárín wọn kọjá. Òfin wá sọ fún un pé: má wulẹ̀ bá arákùnrin rẹ dù ú, a rí ọ.

Èènì yìí kò kan àmì ikọ̀. Bí ikọ̀ bá ní 46, ó ní 46 náà ni. Àkọsílẹ̀ ẹni náà ni ó kàn. Láti mọ ìpíndọ́gba ẹnìkan, wọn yóò ṣe àròpọ̀ àmì rẹ̀ àti èènì rẹ̀, wọn yóò fi iye ìje tí ó sá pín in, wọn yóò sì sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Ẹ wá fi ojú inú wò ó: ọkùnrin kan sá ìje mẹ́rin, ó ṣe ipò kejì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn ọmọ ilé rẹ̀ ni ó sì wà nígbà gbogbo. Àmì rẹ̀ jẹ́ 8, èènì rẹ̀ jẹ́ 4, àpapọ̀ rẹ̀ 12. Iye yìí gan-an ni ti ẹni tí ó ṣe ipò kìíní ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ọkùnrin yìí kò gbé ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní alẹ́ ọjọ́ náà, síbẹ̀ ìwé sọ pé kò sí ẹni tí ó ṣe jù ú lọ.

Èènì kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́yìn nìkan. Ẹni tí ó wà níwájú ní iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá wo eré yìí dáadáa, ẹ óò rí i pé aṣíwájú a máa yí orí padà wo ẹ̀yìn. Kì í ṣe ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ó ń wá ẹnìkejì rẹ̀ ni. Bí ó bá rí i pé ọ̀tá ti há sí àárín àwọn méjèèjì, yóò dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, yóò gba ibi tí ọ̀tá fẹ́ gbà, kí ọmọ ilé rẹ̀ lè rí ọ̀nà kọjá. Ọmọdé tí iná ẹ̀ṣọ́ ń dá lójú kì í sábà rántí láti wo ẹ̀yìn. Àfojúsùn rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ó ti gba ipò kìíní ní àìmọye ìgbà, tí ó ti gba adé aṣíwájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀ẹ̀méje bí Nicholls ti ṣe, kí ni ó tún ń wá níwájú tí kò lè fi dúró de ẹlòmíràn? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èrò tèmi ni pé ohun tí àwọn tí ó ń rẹ́rìn-ín kò kà mọ́ ọn nìyẹn nígbà tí wọ́n ń ka ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé wa, sí inú lítíréṣọ̀ tí í ṣe iṣẹ́ ojúlé yìí. Gbogbo wa ni a mọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938. Nígbà tí ọba rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Lángbòdó, kì í ṣe Àkàrà-oògùn nìkan ni ó lọ. Kàkó wà níbẹ̀, Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀, Ẹlẹ́gbèdé-ọdẹ, Ẹfọ̀ìyẹ̀ àti Àràmàǹdà-òkùnrin pẹ̀lú. Bí a bá kà wọ́n, méje ni wọ́n. Iye kan náà ni a fi ṣe ikọ̀ alùpùpù Peterborough nígbà náà. Ó ṣe kòńgẹ́ ni, ṣùgbọ́n kòńgẹ́ tí ó yẹ ká fi ọgbọ́n yọ ni. Oníkálukú wọn ni ó ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Níbi tí agbára ti pin, ohùn orin ni ó ń ṣiṣẹ́; níbi tí ọfà kò ti ràn, òye ni ó ń ràn.

Báwo wá ni a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa ń bi wọ́n ni pé: ta ni olú ẹ̀dá-ìtàn? Ìkejì: sọ ìwà márùn-ún tí olú ẹ̀dá-ìtàn hù. Àwọn yòókù, a ó kó gbogbo wọn sí abẹ́ àkọlé kan, a ó pè wọ́n ní amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tán. Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò bi ọmọ kan rí pé: ìrìn àjò yìí ìbá ti rí bí Olóhùn-iyọ̀ bá dúró sílé? Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ni yóò jẹ́ kí ọmọ mọ̀ bí ìtàn ṣe so kọ́ra. Ẹni tí ó mọ olú ẹ̀dá-ìtàn nìkan mọ orúkọ ni. Kò tíì mọ ìtàn.

Bí a ti ń ka ìwé ni a ṣe ń ka ọmọ pẹ̀lú. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti kọ́ni rí, ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti jáde, yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sí abẹ́ igi, yóò sì máa la àròkọ àti àmì ohùn yé wọn. Mo ka ìwé ìdánwò wọn. Mo rí ọ̀nà tí ó fi ṣàlàyé nínú ìdáhùn ọmọ bí i mẹ́jọ tí kò lè kọ ìlà mẹ́ta tí ó já geere ní sáà tí ó ṣáájú. Òun fúnra rẹ̀ ṣe ipò kọkànlá. Ní ọjọ́ tí a pín ẹ̀bùn, ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta ni a pè. Mo jókòó síbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Kò sí ibì kankan nínú káàdì rẹ̀ tí mo lè kọ ohun tí ó ṣe sí, n kò sì bèèrè pé kí a ṣe ọ̀kan. Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, kò kó ẹnikẹ́ni jọ sí abẹ́ igi mọ́. Ó ṣe ipò kẹrin. Gbogbo wa yìn ín pé ó ti gbọ́n. Mo ṣì ń rò ó títí di òní bóyá òun ni ó gbọ́n, tàbí àwa ni a kọ́ ọ ní ìmọ̀-tara-ẹni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní bí a bá ń fún ọmọ ní máàkì nítorí pé ó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọ̀lẹ yóò rí ibi sá pamọ́ sí. Gbogbo olùkọ́ tí ó ti fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àjọṣe rí ni ó mọ èyí: ọmọ méjì ṣe iṣẹ́, márùn-ún kọ orúkọ. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún òfin eré náà wò. Èènì kì í ṣe sàráà. Bí ọmọ ilé rẹ bá ṣe ìkẹta, tí ìwọ sì kẹ́yìn, òfo ni ìwọ gbà, kò sí èènì kankan lórí òfo. Kí o tó gbà á, ó di dandan kí ó kéré tán ẹnìkan láti inú ikọ̀ kejì wà lẹ́yìn rẹ. Èyí ni pé o ti kọ́kọ́ sá eré tìrẹ kí a tó bu tàwọn ará lé e. Bí a bá gbé òfin yìí wọ inú kíláàsì, ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan kò ní í gba nǹkan kan. Ìyá onígàrì pàápàá kì í bu èènì fún ẹni tí kò ra ọjà.

Òtítọ́ mìíràn wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Èènì a máa ná ẹni tí ó gbà á ní nǹkan. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ikọ̀ jọ fún àsìkò tuntun, òdiwọ̀n wà tí àpapọ̀ ìpíndọ́gba àwọn méje kò gbọdọ̀ kọjá, kí ikọ̀ kan má baà kó gbogbo akọni sọ́dọ̀. Bí ènìyàn bá ṣe ń ṣe dáadáa sí ni ìpíndọ́gba rẹ̀ ń ga sí i, bí ó bá sì ti ga, ó lè má sí àyè fún un mọ́ láàárín àwọn tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ gbé ga. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ̀ tí ó borí fi ń túká lọ́pọ̀ ìgbà. Mo gbà pé òfin náà ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn bàbá Peterborough: ọjọ́ orí ti fa ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ nínú wọn wálẹ̀, àyè sì wà láti kó wọn jọ sí ojú kan. Ìwé rí iye tí ó ti dínkù. Kò rí ọgbọ́n tí ó ti pọ̀ sí i. Olùkọ́ tí ó bá ń fi káàdì ọdún tí ó kọjá nìkan mọ ọmọ, kí ó fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ayọ̀ ọdún 2021 náà kò sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ohun gbogbo. Ọdún 2023 ni ikọ̀ Peterborough lo pápá wọn gbẹ̀yìn. Àwọn tí ó ni ilẹ̀ fẹ́ fi kọ́ ilé. Wolverhampton náà pàdánù pápá tirẹ̀ ní ọdún kan náà. Ikọ̀ tí àwọn àgbà fi ìwo-ẹ̀yìn gbé ga kò ní ibi tí yóò ti sáré mọ́. Ìwà rere nìkan kò tó láti di ilẹ̀ mú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí yàrá ìkàwé ilé-ìwé ṣe ń di yàrá ìkẹ́rùsí ní tiwa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín.

Kí wá ni mo ń fẹ́? Ohun kékeré ni. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fa ìlà kan sí i nínú káàdì àwọn ọmọ, kí a kọ Èènì sí orí rẹ̀. Ní òpin sáà, kí a bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀ pé: ta ni ó ràn ọ́ lọ́wọ́ tí ohun kan fi yé ọ? Bí orúkọ kan bá jáde lẹ́nu ọmọ mẹ́ta, tí ẹni náà sì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí òbí rẹ̀ kà á. Kò ní kí ipò kìíní má jẹ́ ipò kìíní. Ní Peterborough náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ṣì gba 3.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Palin ọ̀dọ́ wà láàárín àwọn bàbá yẹn, ó sì sá eré tirẹ̀. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ka ìtàn kan tán, ẹ má dúró lórí orúkọ olú ẹ̀dá-ìtàn. Ẹ bèèrè ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò bá a jà. Nígbà tí ó bá sì kàn yín láti ṣíwájú, ẹ yí orí padà díẹ̀. Ẹnìkan lè wà níbẹ̀ tí ó ń wá ọ̀nà.